Kí ló dé tí tísà fagi lé «e» tí mo fi sídìí «préparé»?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ọmọbìnrin ni mí, SS2 ni mo wà, ní Ìmẹ̀kọ. Tísà Faransé wa ní ká kọ ohun tí a ṣe nígbà ìsinmi. Mo kọ ọ́ báyìí: «J'ai allée à Kétou chez ma grand-mère. Elle a préparée l'igname. Les mangues que j'ai acheté étaient bonnes. Nous avons se lavés les mains.» Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé mo lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà mi ní Kétou, wọ́n se iṣu, àwọn máńgòrò tí mo rà dùn, a sì fọ ọwọ́ wa. Nínú ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tí wọn ò fi bírò pupa fagi lé. Wọ́n ti kọ́ wa pé tó bá jẹ́ obìnrin, ká fi «e» sí i. Mo fi sí àkọ́kọ́ àti èkejì, wọ́n ní mo ṣì í. Mi ò fi sí ẹ̀kẹta, wọ́n tún ní mo ṣì í. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òfin kan wà níbẹ̀ tí èèyàn lè dì mú, àbí kéèyàn kàn máa há gbogbo rẹ̀ sórí?”

Òfin wà níbẹ̀, ọmọ mi, ó sì ṣeé dì mú. Ohun tí wọ́n kọ́ yín náà kì í ṣe irọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ni. “Tó bá jẹ́ obìnrin, fi «e» sí i” jẹ́ òótọ́ ní igun kan nínú passé composé, ìyẹn ọ̀nà tí Faransé fi ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ìwọ wá gbé e káàkiri gbogbo ilé. Àìsàn tó ń ṣe ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìlà àkọ́kọ́ ṣi aṣèrànwọ́-ìṣe, ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré tó ń ṣáájú, mú: «être» ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe «avoir», «e» tó wà nídìí «allée» gan-an kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ìlà kejì mú aṣèrànwọ́ tó tọ́, àmọ́ ó fi «e» síbi tí kò sí ohun tó pè é. Nínú ìlà kẹta, «e» àti «s» ló sọnù, kì í sì í ṣe nítorí pé obìnrin ni ọ́. Bó bá jẹ́ bàbá rẹ ló ra máńgòrò náà, «achetées» náà ni yóò kọ. Ìlà kẹrin kó àṣìṣe méjì pọ̀. Ìbéèrè méjì lo lọ̀ pọ̀ di ẹyọ kan: èwo ni aṣèrànwọ́, «être» tàbí «avoir»? Lẹ́yìn náà, ta ni participe, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé aṣèrànwọ́, bíi «allée» tàbí «préparé», ń wò kó tó mọ aṣọ tí yóò wọ̀, bóyá «e» tàbí «s»? Ìbéèrè kejì kò ní ìdáhùn títí tí o fi máa dáhùn àkọ́kọ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ àwa tí a ń sọ Yorùbá kò ṣòro láti rí. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í pààrọ̀ aṣọ. Mo lọ, o lọ, wọ́n lọ, ìyá àgbà lọ: “lọ” kan náà ni. Bí a bá fẹ́ fi hàn pé nǹkan ti parí, “ti” la máa ń fi ṣáájú, “ti” yìí kan náà ló sì ń bá gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe rìn: mo ti jẹun, mo ti rà á, mo ti lọ, mo ti dé. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ kọ́ «j'ai mangé» fún “mo ti jẹun” á gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé «j'ai» ni “mo ti”, ó parí: «j'ai allé», «j'ai arrivé», «j'ai tombé». Èdè Faransé kò ní “ti” kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Méjì ló ní, ó sì pín ọ̀rọ̀-ìṣe láàárín wọn. Bákan náà, ọ̀rọ̀-orúkọ wa kò ní akọ àti abo, “ó” wa sì lè jẹ́ ọkùnrin, obìnrin tàbí àga. Torí náà kò sí ibì kankan nínú èdè abínibí rẹ tí etí rẹ ti lè mọ accord lára, ìyẹn kí ìdí ọ̀rọ̀ kan máa yí padà láti bá akọ tàbí abo, ẹyọ tàbí ọ̀pọ̀ mu. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé orí rẹ kú. Àwọn ọmọ tí a bí sínú èdè Faransé gan-an ń ṣi accord participe kọ, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ojú nìkan ló ń rí i, etí kì í gbọ́ ọ.

Ká mú ọ̀rọ̀ aṣèrànwọ́ ná. «Avoir» ló ń ru ẹrù tó pọ̀ jù. Bí gbogbo nǹkan bá pòrúurùu mọ́ ọ lójú nínú gbọ̀ngán ìdánwò, òun ni kí o mú, wàá sì gbà á lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni «être» mú dání: «aller, venir, arriver, partir, entrer, sortir, monter, descendre, naître, mourir, tomber, rester, retourner, passer», àti àwọn tí a bí lára wọn, bíi «revenir», «devenir», «rentrer», «repartir». Àwọn tísà kan máa ń fi orúkọ DR MRS VANDERTRAMP kọ́ yín, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún ọ̀rọ̀-ìṣe kan. Ó wúlò, mi ò ní kí o jù ú nù. Ṣùgbọ́n tí o bá so wọ́n ní méjì-méjì, wọ́n máa ń pẹ́ lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ: lọ àti bọ̀, «aller» àti «venir», wọlé àti jáde, «entrer» àti «sortir», gòkè àti sọ̀kalẹ̀, «monter» àti «descendre», dé àti kúrò, «arriver» àti «partir», kí a bíni àti kí a kú, «naître» àti «mourir». Ohun tó pa ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀ ni pé nígbà tí ìṣe náà bá parí, olùwà ti wà níbòmíràn tàbí ní ipò mìíràn. Ẹni tó jáde ti wà níta, ẹni tó ṣubú ti wà nílẹ̀. «Rester», tó túmọ̀ sí kéèyàn dúró síbi tó wà, ni kò bá ẹgbẹ́ mu. Òun ni kí o há sórí lọ́tọ̀.

Àmọ́ má ṣe gbà pé gbogbo ìrìn ló ń gba «être». Àṣìṣe àwọn tó ti ń gòkè díẹ̀ nìyí: «je suis couru», «je suis marché», «je suis voyagé». «Courir», «marcher», «nager», «sauter», «voyager» ń sọ bí ara ṣe ń ṣe ní ojú ọ̀nà, wọn kò sọ ibi tí a gúnlẹ̀ sí, «avoir» sì ni gbogbo wọn ń gbà: «j'ai couru», «j'ai marché», «j'ai voyagé». «Quitter» náà ń gba «avoir», torí àbọ̀, ohun tí a ṣe ìṣe náà sí, máa ń tẹ̀ lé e tààrà: «j'ai quitté la maison». Àlàyé ibi-tí-a-dé yìí kò sì bo gbogbo ìhòòhò. Ẹni tó pòórá ti yí ipò padà pátápátá, síbẹ̀ «elle a disparu» la ń sọ. Nítorí náà, lo àlàyé náà láti fi rántí àwọn tí o ti mọ̀. Bí o bá pàdé ọ̀rọ̀ tuntun, ìwé atúmọ̀ èdè ni kí o bi. Èyí tó sì máa ń dun tísà jù ni «je suis été». «Être» fúnra rẹ̀, «avoir» ló ń gbà: «j'ai été malade».

Mẹ́fà nínú àwọn ọmọ «être» wọ̀nyí ní ilé méjì: «monter, descendre, sortir, rentrer, retourner, passer». Bí olùwà bá ń gbé ara rẹ̀ nìkan lọ, «être» ni. Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn ló ń ṣe é sí, tí àbọ̀ wà, «avoir» ni. Níbí, Yorùbá ń gbè wá ju ìwé gírámà lọ. A máa ń sọ pé “ó jáde”, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tó máa sọ pé “ó jáde àpótí”. “Ó gbé àpótí jáde” la máa sọ. Nígbà tí o bá ń pe gbólóhùn náà sínú ara rẹ ní Yorùbá, tí “gbé”, “mú”, “kó” tàbí “wà” bá yọjú kí “jáde” tàbí “gòkè” tó dé, «avoir» ni Faransé yóò lò. Ó jáde: «elle est sortie». Ó gbé àpótí jáde: «elle a sorti la valise». Ó gòkè: «elle est montée». Ó kó àwọn àpótí gòkè: «elle a monté les valises». Ó wa mọ́tò wọlé: «elle a rentré la voiture». Fún «passer», wo bí Yorùbá ṣe ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ pátápátá: ó kọjá níwájú ilé wa, «elle est passée devant notre maison», ó lo ọjọ́ méjì ní Kútọnu, «elle a passé deux jours à Cotonou». Ibi tí ìdánwò “gbé” yìí ti ń jáni kulẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ kò gbé nǹkan kan, síbẹ̀ Faransé ka «l'escalier» sí àbọ̀, ó ní «elle a descendu l'escalier». Bí «par» bá bọ́ sáàárín, àbọ̀ ti dàwátì nìyẹn, a ó padà sí «être»: «elle est descendue par l'escalier».

Tó bá ti di «être», tí kò sí «se» níbẹ̀, iṣẹ́ rọrùn. Participe á máa hùwà bí ọ̀rọ̀-àpèjúwe tó ń bá olùwà rìn. Bí «elle est grande» ṣe rí ni «elle est allée» rí: «il est allé, elle est allée, ils sont allés, elles sont allées». Bí obìnrin mẹ́wàá bá lọ pẹ̀lú ọmọkùnrin kan, «ils sont allés» ni. «Je» àti «tu» kì í fi hàn bóyá akọ ni tàbí abo, ibí yìí sì ni òfin tí wọ́n kọ́ yín ti wúlò: ìwọ á kọ «je suis allée», ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin á kọ «je suis allé». Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ bí a ṣe ń pe àgbà kan ṣoṣo ní “ẹ” kò yẹ kí ẹ ṣi «vous» kọ. Bó bá jẹ́ ìyá àgbà nìkan lò ń bá sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, «vous êtes arrivée» ni, «e» láìsí «s», torí ẹnì kan ni. Bó bá jẹ́ òun àti bàbá àgbà, «vous êtes arrivés».

«Avoir» kò rí bẹ́ẹ̀. Òun kì í jẹ́ kí participe wo olùwà rárá, ì báà jẹ́ ọbabìnrin. «Elle a préparé», «ma grand-mère a préparé», «les femmes ont préparé»: kò sí «e», kò sí «s». Àbọ̀ ló ń wò, kìkì bí àbọ̀ náà bá ti ṣáájú rẹ̀ dé inú gbólóhùn. Ìdí rẹ̀ ti pẹ́, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í fi «e» fún olùwà mọ́. Nínú èdè Látìn tí Faransé ti ṣẹ̀ wá, «avoir» yìí túmọ̀ sí kéèyàn ní nǹkan. «Habeo litteras scriptas» ni pé mo ní lẹ́tà lọ́wọ́, èyí tí a ti kọ. “Tí a ti kọ” ń ṣàpèjúwe lẹ́tà, kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ẹni tó ní lẹ́tà. Ẹni tó ní in lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Lẹ́tà náà ti di kíkọ bákan náà. Ní ti pé àbọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú, rò ó bí ẹni tó ń fi ọwọ́ kọ̀wé láti òsì lọ sí ọ̀tún: bí o bá dé orí participe tí o kò tíì dárúkọ ohun tí a rà, kí ni o máa fi bá a mu? Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, akéwì Clément Marot fi ewì ti ìlànà yìí lẹ́yìn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ítálì ń ṣe, ìlànà náà sì ti jókòó sínú gírámà láti ìgbà náà.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé àbọ̀ ti ṣáájú: sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá, kí o wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. “Mo ra máńgòrò”: máńgòrò jókòó sẹ́yìn “rà”. “Àwọn máńgòrò tí mo rà”: ẹ̀yìn “rà” ṣófo, máńgòrò ti bọ́ síwájú. “Máńgòrò wo lo rà?” Ó ṣófo. “Máńgòrò mélòó lo rà?” Ó ṣófo. “Máńgòrò ni mo rà.” Ó tún ṣófo. Níbi tí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe bá ti ṣófo báyìí ni Faransé ti ń ṣe accord: «les mangues que j'ai achetées», «quelles mangues as-tu achetées ?», «combien de mangues as-tu achetées ?», «ce sont des mangues que j'ai achetées». Níbi tí kò bá ṣófo, «j'ai acheté des mangues», participe á dúró bó ṣe wà. Ìdánwò yìí ní ààlà kan, má sì gbàgbé rẹ̀: ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ. Yorùbá ní “mo rà wọ́n”, “wọ́n” sì wà lẹ́yìn. Faransé ní «je les ai achetées», «les» sì ti ṣáájú. Torí náà, tó bá kan «le, la, l', les, me, te, nous, vous», ojú gbólóhùn Faransé fúnra rẹ̀ ni kí o wò. «L'» ló burú jù, torí ó bo akọ àti abo mọ́lẹ̀: «cette lettre, je l'ai écrite», ṣùgbọ́n «ce livre, je l'ai lu».

Mo ti sọ pé etí kì í gbọ́ accord lọ́pọ̀ ìgbà. «Acheté», «achetée», «achetés», «achetées»: ìró kan náà ni. Àmọ́ àwọn participe kan wà tí kọ́ńsónáǹtì ìparí wọn máa ń dún bí «e» bá wọlé: «pris» di «prise», «mis» di «mise», «écrit» di «écrite», «ouvert» di «ouverte». Fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n. Bí o bá ń ṣiyèméjì lórí «achetées», yọ ọ́, fi «prendre» sípò rẹ̀, kí o sì sọ ọ́ síta: «les mangues que j'ai prises». Ẹni tó bá ti ń gbọ́ Faransé díẹ̀díẹ̀ á gbọ́ «prises» náà, ohun tí ó bá gbọ́ ló máa kọ sídìí «acheter». Fún «elle a préparé», «elle a pris l'igname» ni wàá gbọ́, kì í ṣe «prise». Àwọn tó ń fi «j'ai acheter» kún un, tí wọn ò mọ «é» yàtọ̀ sí «er», lè fi «vendre» dán an wò: bí «vendu» bá bá a mu, «é» ni, bí «vendre» bá bá a mu, «er» ni.

Àbọ̀ tí mo ń wí yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ àbọ̀ tààrà, èyí tí kò gba ẹnu «à» wọlé, ibẹ̀ sì ni Yorùbá ti lè tàn ọ́ jẹ. “Ó rí mi”: «il m'a vue», torí «voir» kì í mú «à» dání. “Ó bá mi sọ̀rọ̀”: «il m'a parlé», torí «parler à» ni, kò sí «e». Títí dé ibẹ̀, èdè méjèèjì fẹnu kò. Ṣùgbọ́n “ó pè mí lórí fóònù” dà bí “ó rí mi” létí wa, bẹ́ẹ̀ «téléphoner à» ni Faransé: «il m'a téléphoné», láìsí «e». Bí o bá lo «appeler», tí kò gba «à», «il m'a appelée» ni. “Ó bi mí” jẹ́ «il m'a demandé». “Ó dá mi lóhùn” jẹ́ «il m'a répondu». Kò sí «e» nínú méjèèjì. Lódì kejì, “ó tẹ́tí sí mi” ní “sí” láàárín ní Yorùbá, àmọ́ «écouter» kì í gba «à»: «il m'a écoutée». “Ó dúró dè mí”: «il m'a attendue». Kò sí ọgbọ́n orí tó lè gbà ọ́ lọ́wọ́ èyí. Bí o bá ń kọ ọ̀rọ̀-ìṣe tuntun sínú ìwé rẹ, kọ «à» mọ́ ọn lára bó bá ní in: «répondre à quelqu'un», «écouter quelqu'un». Ẹni tó kọ «répondre» lásán ti fi ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìlà kẹrin rẹ ló kù. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ní «se» lára, «être» ló ń gbà nígbà gbogbo, «se» náà á sì máa yí padà pẹ̀lú olùwà: «je me suis», «tu t'es», «il s'est», «nous nous sommes», «vous vous êtes», «ils se sont». Nítorí náà «nous avons se» kò lè dúró níbì kankan. «Nous nous sommes» ni. Ṣé «s» wá wà nídìí «lavé»? Níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé «être» lò ń rí, bíi ti «avoir» ni kí o ṣe é: bi ara rẹ pé kí ni a fọ̀, ṣé ó ti ṣáájú? “A wẹ̀” ni «nous nous sommes lavés»: ara wa la fọ̀, «nous» kejì ni àbọ̀, ó ti ṣáájú, «s» wọlé. “A fọ ọwọ́ wa” ni «nous nous sommes lavé les mains»: ọwọ́ la fọ̀, ọwọ́ sì wà lẹ́yìn, «nous» kejì kàn ń sọ ẹni tó ni ọwọ́ ni. «S» kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Bákan náà ni «elle s'est lavée» àti «elle s'est lavé les mains», «elle s'est blessée» àti «elle s'est cassé la jambe». Bí ọwọ́ bá wá bọ́ síwájú, accord á padà dé: «les mains qu'elle s'est lavées». Fún ohun tí èèyàn méjì ń ṣe síra wọn, òfin «à» òkè yẹn náà ni: wọ́n rí ara wọn, «elles se sont vues», wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, «elles se sont parlé», wọ́n kọ̀wé síra wọn, «elles se sont écrit». Àwọn kan sì wà tí o kò lè bi «se» inú wọn ní iṣẹ́ tó ń ṣe, bíi «s'évanouir» àti «se souvenir». Ìwọ̀nyí ń bá olùwà lọ: «elle s'est évanouie».

Kọ̀rọ̀ mẹ́ta kan wà tí mo fẹ́ kí o kàn mọ̀. «En» kì í fa accord: «des mangues, j'en ai acheté». «Fait» tó bá ní ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn lẹ́yìn kì í yí padà, nítorí náà aṣọ tí o gbé fún télọ̀ rán jẹ́ «la robe que j'ai fait coudre». Iye owó àti ìwọ̀n kì í ṣe àbọ̀: «les mille francs que ce livre a coûté». Lórí irú àwọn ibi tóóró báyìí, ìjọba ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ ti ṣe àṣẹ kan ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1976 pé kí olùdánwò má ṣe ka mélòó kan nínú wọn sí àṣìṣe. «En» àti «coûter» wà lára wọn. Ní ọdún 2018, àwọn ará Belgium méjì tí wọ́n ti ṣe tísà rí, Arnaud Hoedt àti Jérôme Piron, ní kí a kúkú fi participe tó bá «avoir» rìn sílẹ̀ láìyí i padà níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ náà ní làákàyè, àmọ́ kò tíì di òfin tó máa gbà ọ́ lọ́wọ́ olùdánwò WAEC. «Achetées» ṣì ni wọ́n ń retí.

Bí o bá jókòó kọ àròkọ, kọ gbogbo participe láìfi nǹkan kan sídìí rẹ̀ ná. Tí o bá parí, padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí o fa ìlà sábẹ́ aṣèrànwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí o bá ti rí «être» láìsí «se», wo olùwà, fi ohun tó bá yẹ kún un. Ibi tí o bá ti rí «avoir», tàbí «être» tó ní «se», bèèrè “kí ni?” tàbí “ta ni?”, fi ìka sí ìdáhùn, wò ó bóyá òsì participe ló wà tàbí ọ̀tún. Ọ̀tún: má fọwọ́ kàn án. Òsì: wo akọ tàbí abo, ẹyọ tàbí ọ̀pọ̀, kí o wá fi kún un. Nínú àròkọ ojú ewé kan, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ó sì yẹ kí o fi ìṣẹ́jú náà pa mọ́ fún un kí aago tó lù. Gbogbo èyí kò ní bá ọ ṣe bí o kò bá mọ̀ pé «mangue» jẹ́ abo. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ òfin dáadáa ti ń pàdánù máàkì nìyẹn. Má ṣe kọ «l'orange» tàbí «l'igname» sínú ìwé ọ̀rọ̀ tuntun rẹ, torí «l'» ń bo ojú wọn. «Une orange», «une igname» ni kí o kọ.

Ìlà rẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyí, bó ṣe yẹ kí o dá wọn padà fún tísà: «Je suis allée à Kétou chez ma grand-mère. Elle a préparé de l'igname. Les mangues que j'ai achetées étaient bonnes. Nous nous sommes lavé les mains.» Mo fi «de» síwájú «l'igname» torí iṣu díẹ̀ ni ìyá àgbà sè, kì í ṣe iṣu kan pàtó tí o ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú. «Étaient bonnes» tìrẹ ti tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: o ti bá máńgòrò mu níbẹ̀, «e» àti «s» pé pérépéré, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán ọ létí. Ojú tí o fi wo «bonnes» yẹn náà ni kí o fi wo «achetées».